Èèrù Ẹ̀yìnkùlé Wa àti Ewé Ará Ṣáínà

Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí àwa ti ń kíyèsí i pé, bí ènìyàn bá wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Bódìjà, kì í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí àwọn páálí kéékèèké tí a kọ èdè àwọn ará Ṣáínà sí lára. Olùtajà yóò sì máa sọ fún un pé ewé tí ó wà nínú rẹ̀ ń lé òtútù kúrò ní inú obìnrin, pé ó ń mú kí nǹkan oṣù rọrùn, àti pé ó ń dá agbára padà sí ara ìyá ọmọ tuntun. Àwọn obìnrin ilé wa ń rà á, àwọn ọkọ wọn tí wọ́n kàwé ni ó sì ń fún wọn ní owó rẹ̀. A kò bínú sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta ọjà rẹ̀. Ohun tí ó ká wa lára ni pé, ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà, igi kan wà tí àwọn ìyá ńlá wa mọ̀ dunjú, tí wọ́n sì ń lò fún ohun kan náà gan-an tí páálí yìí ń ṣe ìlérí rẹ̀. A ń gé igi náà lulẹ̀ lójoojúmọ́ kí a lè rí ibi kọ́ ilé sí, àwọn obìnrin tí wọ́n sì mọ ìlò rẹ̀ ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti kálàmù.

Kí á kọ́kọ́ fún ẹni tí iyì tọ́ sí ní iyì rẹ̀. Ewé tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní ài kì í ṣe ewé yẹpẹrẹ rárá. Artemisia argyi ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko sọ ọ́. Wọ́n a máa sá a, wọ́n a gún un títí yóò fi rí bí òwú, wọ́n a sì máa sun ún díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀bá ara aláìsàn kí ooru rẹ̀ lè wọlé sí i lára. Wọ́n a sì tún máa sè é mu. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwọn, gbogbo ewé àti egbò ni ó ní ìwà tirẹ̀, àwọn kan jẹ́ tútù, àwọn kan jẹ́ gbígbóná. Ài sì wà nínú àwọn tí ó gbóná, èyí tí a ń fi tọ́jú obìnrin tí òtútù bá mú ní ìsàlẹ̀ ikùn. Li Shizhen, oníṣègùn kan tí ó jẹ́ ọmọ agbègbè Qizhou, níbi tí wọ́n gbà pé ài ti dára jùlọ, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí oògùn. Ó kú ní 1593, a sì tẹ ìwé náà jáde ní 1596. Nígbà tí àwọn jagunjagun wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, ìwé yìí ti lé ní igba ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń kà á nílẹ̀ Ṣáínà. Nítorí náà, bí ewé wọn bá wá bá wa dé Dùgbẹ̀ lónìí, kì í ṣe ewé nìkan ni ó rin ìrìn-àjò náà. Ìwé ni ó gbé e wá.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ jẹ́ kí á wo èèrù.

Igi gíga ni èèrù, a máa ga tó ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ bá lọ́rinrin, pàápàá ní etí odò. Èso rẹ̀ a máa so pọ̀ ní òṣùṣù bí ìka ọwọ́ ọmọdé. Bí a bá sì sá a tán, yóò dúdú, yóò rọ, òórùn rẹ̀ yóò sì máa ta sánsán. Xylopia aethiopica ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹ ọbẹ̀ tí a fi èèrù sè kò nílò kí a ṣe àlàyé fún un: ata a máa ta ní ẹnu, ṣùgbọ́n èèrù a máa gbóná lọ sí inú, ooru náà a sì máa tàn ká àyà àti ikùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ oúnjẹ ìyá ọmọ tuntun. Ní àwọn abà tí ó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, ní Láàlúpọn, ní Ẹ̀rúnmu àti ní Àkànràn, bí obìnrin bá ti sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò gbé ìkòkò kaná. Yóò fọ́ èèrù sí i, yóò lọ ìyèrè mọ́ ọn, yóò sì fi ẹja gbígbẹ àti ata sí i. Bí ìyá ọmọ bá ń mu ún, òógùn yóò máa bọ̀ ní iwájú rẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò fi aṣọ tí a tì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní ikùn.

Àwọn ọmọdébìnrin tí inú ń run ní àkókò nǹkan oṣù náà ní tiwọn. Fún àwọn wọ̀nyí, efinrin ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí, a óò fi ọwọ́ ra á sínú omi, a óò fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Tàbí kí a sè atalẹ̀ kí ó mu ún ní gbígbóná. A kò ní sọ pé gbogbo ilé ni ó ń ṣe bákan náà, nítorí pé ìyá kan ní Bádékù lè fi ohun kan kún un tí ìyá kan ní Ìróko kò mọ̀ rárá. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ọrọ̀ tí a ń pàdánù.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ èèrù. Àwọn Ìgbò ń pè é ní uda, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀ olómi pẹ̀lú iṣu fún ìyá ìkókó, bí àwa ti ń ṣe. Àwọn Haúsá ń pè é ní kimba, àwọn Akan ní ilẹ̀ Gánà sì ń pè é ní hwentia. Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, djar ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń yan án pọ̀ mọ́ kọfí, wọ́n sì sọ kọfí náà ní orúkọ Touba, ìlú mímọ́ ti àwọn Mùsùlùmí ìjọ Mouride, títí ó fi di ohun mímu tí a ń tà ní gbogbo ìkóríta ní Dakar. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń mu kọfí inú agolo, ẹ rò ó wò.

Ìyèrè pẹ̀lú ní ìtàn tí ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀. Ní nǹkan bí 1486, Potogí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ João Afonso de Aveiro dé ọ̀dọ̀ ọba Ìbíní, ó sì rí ata kan níbẹ̀ tí ó gbé lọ sí ìlú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìyèrè ni. Wọ́n rán an lọ sí ọjà Flanders, ó sì tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vasco da Gama ti rí ọ̀nà òkun dé Íńdíà ní 1498, tí ọba Potogí sì ń jèrè púpọ̀ lórí ata Íńdíà, ó pàṣẹ ní nǹkan bí 1506 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ata Ìbíní mọ́, kí ó má baà ba ọjà ata Íńdíà jẹ́. Kì í ṣe pé ata wa kò dára. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù ti gbàgbé rẹ̀; àwa tí ó ń hù ní oko wa ni kò yẹ kí á gbàgbé.

Ẹnìkan yóò bi wá pé, ǹjẹ́ òtítọ́ tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ òtútù àti ooru yìí, àbí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lásán ni? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ìgbéraga dáhùn rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ti rí ni èyí. Nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, ara obìnrin a máa pèsè ohun kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin, òun ni ó ń mú kí ilé ọmọ máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ó lè lé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí ohun yìí bá pọ̀ jù, fífún náà yóò le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn dáadáa nínú iṣan ibẹ̀, ìrora ńlá yóò sì dé. Ooru a máa dẹ iṣan tí ó le. Ní 2001, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà lẹ ohun gbígbóná kan tí ooru rẹ̀ tó 39 ní ìwọ̀n Celsius mọ́ ikùn àwọn obìnrin tí inú ń run fún wákàtí 12 lóòjọ́. Wọ́n rí i pé ó tu àwọn obìnrin náà lára bí ibuprofen tí a ń rà ní ilé oògùn. Aṣọ gbígbóná ti ìyá àgbà kò jìnnà sí èyí. Ní ti atalẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí kó onírúurú ìdánwò tí a ti ṣe jọ ní 2015, wọ́n rí i pé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, láti 750 dé 2,000 mílígíráàmù lóòjọ́, ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ń dín ìrora kù nítòótọ́.

Èèrù ńkọ́? Ní yunifásítì ti Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n yọ ohun kan láti inú èso rẹ̀ tí a ń pè ní xylopic acid, wọ́n fún eku, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìrora kù lára eku. Eku kì í ṣe obìnrin. Nítorí náà a kò ní dìde láti kéde pé a ti fi ìdí iṣẹ́ èèrù múlẹ̀ ní ọ̀nà tí a gbà fi ìdí ti atalẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé àwọn ìyá wa kò wí ìsọkúsọ, àti pé èèrù yẹ ní ìwádìí tí ó jinlẹ̀ ju bí a ti fún un lọ, ní ilẹ̀ tí yunifásítì wà láti 1948.

Níbí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ní 2015 kan náà, obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí oògùn ibà tí a ń pè ní artemisinin, èyí tí ọmọ wa ń lò ní gbogbo ilé ìwòsàn lónìí. Ewé tí ó ti rí i jẹ́ ìbátan ài, Artemisia annua ni. Ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí oògùn ibà ní 1967. Wọ́n ti gbìyànjú ewé yìí, kò sì jẹ́ dáadáa, nítorí pé sísè ni wọ́n ń sè é. Tu Youyou padà sí ìwé àtijọ́ kan tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé Ge Hong kò sọ pé kí a sè é: ó ní kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fún un, kí a mu omi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ó ṣí i lójú pé iná ni ó ń ba oògùn náà jẹ́. Ó wá ọ̀nà tí kò ní ooru púpọ̀, oògùn sì jáde. Ká ní Ge Hong kọ ọ́ pé «ewé yìí dára fún ibà» tí ó sì dákẹ́, kò sí ohun tí ì bá jẹ́ àǹfààní rẹ̀.

Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Èyí tí a sè ni àgbo. Èyí tí a gún ni àgúnmu. Èyí tí a sè bí ọbẹ̀ tí a sì jẹ ni àsèjẹ. Ó ní èyí tí a ń wẹ̀, ó ní èyí tí a ń pa lára, ó ní èyí tí a ń fín sí gbẹ́rẹ́. Àwọn baba àti ìyá wa mọ̀ pé ewé kan náà lè jẹ́ oúnjẹ ní ọ̀nà kan kí ó sì jẹ́ oògùn líle ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé «èèrù dára fún obìnrin» kò tíì kọ nǹkan kan. Mélòó ni a ó fi sí i? Ṣé pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ni tàbí kóró rẹ̀ nìkan? Ọjọ́ kelòó lẹ́yìn ìbímọ ni a bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kelòó ni a dáwọ́ dúró? Kí ni a kì í fi pọ̀ mọ́ ọn? Ìwọ̀nyí ni ìbéèrè tí a gbọ́dọ̀ bi àwọn ìyá nígbà tí wọ́n ṣì wà.

A kò sọ pé kò sí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ewé Yorùbá rí. Dókítà Ogúntọ́lá Sápárà, tí ó gbé ayé láti 1861 dé 1935, kẹ́kọ̀ọ́ oògùn òyìnbó ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ó fi ọkàn sí ewé ìbílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dalziel kọ ìwé ńlá lórí àwọn ewéko ìlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1937. Gbile, ní Ilé Ìwádìí Igbó tí ó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn níhìn-ín, tẹ ìwé orúkọ àwọn ewéko ní èdè Yorùbá jáde ní 1984, kí a lè mọ ewé tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní 1953 tí a sì sọ ní Fátúm̀bí, tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995, ó sì kó oògùn tí ó lé ní 400 sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ọ̀dọ̀ àwọn babaláwo ni Verger ti gba ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ohun tí ó kọ. Ọkùnrin ni wọ́n. Ohun tí ìyá kan mọ̀ nípa ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ìkókó kì í ṣe odù, a kì í fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ wá a. Ìyá ni ó fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ẹ̀bá ààrò. Bí ọmọbìnrin náà bá ti lọ sí ìlú Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò kọ́?

A gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dùn pẹ̀lú. Àwọn kan wà nínú àwa tí a fẹ́ràn ohun ìbílẹ̀, tí ìfẹ́ náà ti fọ́ lójú, tí wọ́n sì ń sọ pé ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ ti baba wa kò lè ṣe ènìyàn ní ibi. Irọ́ ni. Èèrù kì í ṣe ohun tí a ń kó fún aboyún. Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni pé ó ń ran ikùn lọ́wọ́ láti mọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wá sí ayé. Ohun tí ó bá sì lè mú ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀ kò yẹ ẹni tí ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà mọ èyí. Ẹni tí ó ń po àgbo sínú ìgò tí kò ní àkọlé, tí ó ń tà á nínú ọkọ̀ láti Ìwó Road dé Ẹ̀gbẹ́dá, tí ó ní ó ń wo gbogbo àrùn obìnrin, kò bi oníbàárà rẹ̀ bóyá ó lóyún tàbí kò lóyún. Ẹni náà kì í ṣe arọ́pò ìyá àgbà.

Ooru pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Ní ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà tí ó wà ní Sáríà kọ̀wé lórí àwọn obìnrin Haúsá tí ọkàn wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ìyá ọmọ máa fi omi gbígbóná janjan wẹ̀ fún 40 ọjọ́, kí ó sùn sórí ibùsùn amọ̀ tí a dáná sí lábẹ́, kí ó sì máa mu ògì tí a fi káún sí púpọ̀. Àwọn dókítà náà rò pé ooru àti iyọ̀ náà, ní àpọ̀jù, wà lára ohun tí ó ń di ẹrù lé ọkàn. Àṣà tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ti rí ìyá ọmọ tí omi bó ní ikùn nítorí pé ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ rò pé bí ó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni yóò ti dára tó.

Èyí tí ó burú jùlọ ni ẹ̀jẹ̀. Ìtàn sọ fún wa pé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874, obìnrin tí ó ní oko àti ẹrú àti ìbọn, pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ní orí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Kò sí agbẹ̀bí tí owó rẹ̀ kò ká, kò sí ewé tí kò lè ránṣẹ́ sí. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ní 2018 ṣì sọ pé ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìyá 512 ni ó ń kú nítorí oyún tàbí ìbímọ. Ìsun ẹ̀jẹ̀ sì ni ó ń ṣíwájú nínú ohun tí ń pa wọ́n. Ó yẹ kí gbogbo ìyá àgbà tí ó ń gbé ìkòkò èèrù kaná mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó tó ìdajì lítà lẹ́yìn ìbímọ ti di ọ̀rọ̀ ewu, ìyẹn kò sì kún ìgò bíà ńlá kan. Ní 2023, a gbọ́ àbájáde ìdánwò kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn bí 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Gúúsù Áfíríkà, lára obìnrin tí ó lé ní 200,000: wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan tí a sàmì ìwọ̀n sí sábẹ́ obìnrin kí wọ́n lè rí bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó, wọn kò fi ojú lásán díwọ̀n mọ́, wọ́n sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró wo èyí tí yóò jẹ́. Ìsun ẹ̀jẹ̀ líle àti ikú àti iṣẹ́ abẹ tí ó ń tẹ̀lé e dín ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọbẹ̀ èèrù kò lè ṣe èyí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, mọ́tò ni kí a wá fún un, kì í ṣe ewé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ní ìhà kejì. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ìyá àgbà ṣẹ̀sín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn nítorí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó gbé wá, tí ó pè é ní ará oko àti abọ̀rìṣà, ìyá náà kò ní gbé ọmọ rẹ̀ wá nígbà mìíràn títí yóò fi pẹ́ jù. Ọbẹ̀ ni ọbẹ̀. Kò sí òrìṣà nínú èèrù; onígbàgbọ́ ń jẹ ẹ́, Mùsùlùmí ń jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó bá jẹ́ kí ìyá ọmọ mu ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí ó sì béèrè ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà kí ó lè mọ̀ ọ́n, ti gba ẹ̀mí méjì là, ti òní àti ti ọ̀la.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin Baálẹ̀ àti ẹ̀yin Mọ́gàjí, ẹ̀yin ni a ń bá wí. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé Ìbàdàn ní 2021, ibùdó rẹ̀ tí a fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ sì wà ní Mọ́níyà. Òpópónà ńlá tí yóò yí ìlú ká ń la ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà kọjá. Oko kòkó tí baba yín fi igi èèrù àti ìrókò sílẹ̀ sí láàárín kí ó lè ṣíji bo kòkó ti di púlọ́ọ̀tì. A kò sọ pé kí ẹ má ta ilẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ kì í ti ọ̀run wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń bu ọwọ́ lu ìwé ilẹ̀, kò ṣòro láti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé igi èèrù tí ó wà ní etí odò kì í ṣe ti ẹni tí ó ra ilẹ̀ nìkan, pé obìnrin àdúgbò ní ẹ̀tọ́ láti ṣa èso rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ àgbáyé, IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967 lẹ́bàá Mọ́níyà níbẹ̀, ní igbó tí ó tó 350 hẹ́kítà tí ó ti pa mọ́ láàárín ilẹ̀ rẹ̀, àwọn àlejò sì ń ti òkè òkun wá wo ẹyẹ inú rẹ̀. Bí àlejò bá lè pa igbó mọ́ nítorí ẹyẹ, ọba àti ìjòyè lè pa igi mẹ́ta mọ́ ní abà kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn.

Ní ti iṣẹ́ ìwé, ẹgbẹ́ wa kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan ní abà kọ̀ọ̀kan, tàbí ọmọ ilé-ìwé gíga tí ó wá lo ìsinmi ní ilé, lè jókòó ti ìyá àgbà mẹ́ta, kí ó kọ orúkọ ewé bí àwọn ìyá náà ti pè é, kí ó kọ ìwọ̀n, ọ̀nà ìsè, àkókò, àti èèwọ̀ rẹ̀. Kí ó ká ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé àti èso rẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn kí ó gbẹ, kí a sì gbé e lọ sí Jẹ́ríkò kí wọ́n bá wa fi orúkọ rẹ̀ gan-an hàn, nítorí pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì ní ìlú méjì. Ẹ̀wẹ̀, kí a kọ orúkọ ìyá tí ó sọ ọ́ sí ìdí ohun tí ó sọ, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ti jí lọ́wọ́ wa rí, orúkọ ẹni tí ó ni ín ni a kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò.

A ó fi ojú ewé méjì sílẹ̀ nínú ìwé yìí ní oṣooṣù fún ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Èyí tí a ó kọ́kọ́ tẹ̀ ni ti ọbẹ̀ ìyá ìkókó, bí a ti ń sè é ní abà ọ̀kọ̀ọ̀kan láti Ìróko dé Bádékù. A sì bẹ ẹ̀yin ọkùnrin tí ó máa kà á pé kí ẹ má ṣe kọ ọ́ fúnra yín láti inú ohun tí ẹ rántí. Ẹ lọ bi ìyá yín.